Ẹ jẹ́ kí òbí mọ bí wọ́n ṣe ń pín olùkọ́ àti owó ilé-ẹ̀kọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọ̀rọ̀ ìlú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn tó ń ṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba sọ̀rọ̀, kí àwọn òbí ẹgbẹ́ mi ní Òṣogbo náà sì gbọ́. Aránṣọ ni mí ní Òkè-Bàálẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ni àwọn ọmọ mi ń lọ, mo sì wà lára àwọn tó ń gba owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ jọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀kan lọ: ìgbìmọ̀ tó ń pinnu iye olùkọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ kan máa ní, àti ibi tí owó rẹ̀ máa gbà, kí wọ́n jẹ́ kí àwa òbí rí ìpinnu náà kó tó di ṣíṣe, kí a sì lè bi wọ́n léèrè nígbà tó bá ti di ṣíṣe tán.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo mọ̀ dáadáa, wọ́n kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tuntun. Páànù rẹ̀ ń dán, fèrèsé rẹ̀ ní irin, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ orúkọ owó tí wọ́n fi kọ́ ọ sára ògiri, tọdún tọdún. Méjì nínú yàrá náà ni wọ́n ń lò. Bẹ́ǹṣì tó ti kán àti àga ìpàdé òbí ló kún inú ẹ̀kẹta. Kì í ṣe pé ọmọ kò sí o. Nínú yàrá àtijọ́ tó kọjú sí i, pírámárì kẹta àti pírámárì kẹrin ló jókòó pọ̀, olùkọ́ kan ṣoṣo ló sì ń kọ́ wọn. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà láti òkè pátákó dé ìsàlẹ̀, ó kọ iṣẹ́ ti kẹta sí apá òsì, ti kẹrin sí apá ọ̀tún. Bó bá ń kọ́ àwọn ti òsì ní ìsọdipúpọ̀, àwọn ti ọ̀tún á máa da iṣẹ́ kọ sínú ìwé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà níjọ́ kan, mo gbọ́ tí ọmọ pírámárì kẹta kan dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi àwọn ti kẹrin, ó sì gbà á. Olùkọ́ yìn ín, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àmọ́ ẹni tó bá wo ojú obìnrin náà á mọ̀ pé ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù.

Ẹni tó ń kọ́ pírámárì kẹrin tẹ́lẹ̀ ti fẹ̀yìntì, wọn ò sì fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Nínú kíláàsì mìíràn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, àwa òbí la wá ọmọbìnrin kan tó gba NCE, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́, a ní kó máa bá wa kọ́ wọn. Owó tí à ń dá ni à ń san fún un. Gbogbo ìlú ló mọ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, olùkọ́ PTA là ń pè wọ́n. Wọn ò ní owó ìfẹ̀yìntì, wọn ò ní ìsinmi tí a ń sanwó rẹ̀, bí owó dídá bá sì le fún àwọn òbí ní sáà kan, tiwọn ló ń kọ́kọ́ falẹ̀.

Ìbéèrè tó yẹ kí gbogbo wa máa bi ara wa ni pé: kí ló dé tí owó wà láti kọ́lé, tí kò sí owó láti gba olùkọ́? Èmi náà bèèrè, mo kà, mo sì rí i pé ìdáhùn wà nínú bí wọ́n ṣe ṣètò owó náà. Òfin ẹ̀kọ́ kárí, ìyẹn ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ, tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2004 ló dá SUBEB, ìgbìmọ̀ tí mò ń bá sọ̀rọ̀ yìí, sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó sì fi ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan lábẹ́ rẹ̀. Òfin yẹn ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ó kéré tán ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kárí. UBEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ẹ̀kọ́ kárí l'Ábújá, ló ń pín in. Ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ gbà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ìdajì owó iṣẹ́ náà wá látinú àpò tirẹ̀. Bí kò bá mú un wá, tàwọn ọmọ ìpínlẹ̀ náà á dùbúlẹ̀ sí Ábújá, ó sì ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ nílẹ̀ wa rí. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni apá tó pọ̀ jù nínú owó yìí ń bá lọ, ìyókù lọ sí ìwé àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Owó oṣù olùkọ́ tí a gbà síṣẹ́ gidi kì í ti inú rẹ̀ jáde. Owó tó wọlé sí ìjọba ìbílẹ̀ láti Ábújá ni wọ́n fi ń san ìyẹn, látinú àkáǹtì àjọni tí ìwé òfin Nàìjíríà dá sílẹ̀ fún ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀.

Ọ̀tọ̀ wá ni àpò tó ń kọ́lé, ọ̀tọ̀ ni àpò tó ń sanwó oṣù, ọ̀tọ̀ sì ni ẹni tó ń di ẹnu àpò kọ̀ọ̀kan mú. Ẹni tó ra aṣọ láìní owó ìránṣọ kò tíì ní aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ilé-ẹ̀kọ́ gan-an la wá ń kọ́ báyìí, tí a kò sì kọ́ ọmọ inú rẹ̀. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ni láti so àwọn àpò yìí pọ̀. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí kíkọ́ yàrá mẹ́ta síbì kan, ó yẹ kí ẹnì kan dìde nínú ìpàdé kó bèèrè pé: ta ló máa kọ́ni nínú rẹ̀, ọdún wo ni ẹni náà máa fẹ̀yìntì, ta ló sì máa gbapò rẹ̀? Ọjọ́ orí olùkọ́ wà nínú fáìlì. Ìfẹ̀yìntì kì í bá ìgbìmọ̀ lójijì.

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ ní kí ọmọ má ju 35 lọ lọ́wọ́ olùkọ́ kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé olùkọ́ kò pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà gan-an, ṣé wọ́n pín wọn dáadáa? Ilé-ẹ̀kọ́ tó wà létí títì, tí kò jìnnà sí ọjà àti báǹkì, ibẹ̀ ni olùkọ́ máa ń fẹ́ wà. Àwọn abúlé tó yí Òṣogbo ká ni kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ. Èmi ò bá olùkọ́ wí. Obìnrin tó ń gun ọ̀kadà lọ sí oko lójoojúmọ́, tó ń gùn ún bọ̀, owó oṣù rẹ̀ ti dín kù kó tó ra ẹ̀wà. Bí ìgbìmọ̀ bá fẹ́ kí ó dúró síbẹ̀, kí wọ́n fi ajẹmọ́nú kún owó rẹ̀, kí wọ́n sì kéde pé ẹni tó bá ti lo iye ọdún báyìí ní abúlé ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé wá sí ìlú. Nígbà tí ìlànà bá wà lójútáyé, ẹni tí kò mọ ẹnikẹ́ni lókè náà á mọ ìgbà tó máa kàn án. Níbi tí kò bá ti sí ìlànà, ẹ̀bẹ̀ àti ìwé ọlọ́lá ló ń gbé olùkọ́ kiri.

Ìdájọ́ tí Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ní ọjọ́ 11 oṣù Keje 2024, pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà, mú ọ̀rọ̀ yìí kúrò ní ohun tí a lè sún síwájú. Ẹgbẹ́ olùkọ́ NUT ti figbe ta pé kí owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má lọ há sí àárín. Ẹ̀rù wọn ní ìdí. Ní 1991, ìjọba ológun gbé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Owó oṣù di àwátì, ìyanṣẹ́lódì gba ilẹ̀ kan, nígbà tó sì fi di 1993 wọ́n ti dá àjọ tó ń bójú tó o tẹ́lẹ̀ padà. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà ti di òbí báyìí, wọ́n rántí bí wọ́n ṣe ń jókòó sílé. Èmi ò sọ pé kí ìpínlẹ̀ di owó ìjọba ìbílẹ̀ mú. Ohun tí mo ń sọ ni pé, ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí owó náà bá wà, kí owó oṣù olùkọ́ kọ́kọ́ jáde nínú rẹ̀ kí a tó na ẹyọ kọ́bọ̀ sórí ohun mìíràn, kí ó sì wà nínú òfin ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lórí ètò ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ díẹ̀. Àwa aránṣọ kò lè gbàgbé. Lábẹ́ Gómìnà Arẹ́gbẹ́ṣọlá, wọ́n tún ilé-ẹ̀kọ́ pín, wọ́n dá kíláàsì pọ̀, wọ́n sì fi aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà sí gbogbo ìpínlẹ̀. Ní 2020, ìjọba Gómìnà Oyètọ́lá dá ètò 6-3-3-4 padà (ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mẹ́ta ní girama kékeré, mẹ́ta ní girama àgbà, mẹ́rin ní yunifásítì), pẹ̀lú orúkọ àti aṣọ àtijọ́. Ìjọba méjèèjì ló ní ìdí tirẹ̀. Mo mọ̀ pé ìpàdé àpérò lórí ẹ̀kọ́ wáyé ní Òṣogbo ní 2011, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣe alága rẹ̀, n kò sì kóyán rẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé yàtọ̀ sí kí a pe òbí jókòó ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ọmọ kan lè bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ètò kan kó parí lábẹ́ òmíràn, òbí rẹ̀ á sì gbọ́ ọ lórí rédíò lẹ́yìn tí wọ́n ti parí ọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá wa ronú jinlẹ̀ sí owó tí àwa òbí ń dá yìí. Òfin 2004 ní ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ yìí, ẹni tó bá gba owó lórí rẹ̀ lè san ìtanràn tí kò ju ₦10,000 lọ, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí kó jẹ méjèèjì. Ìrànlọ́wọ́ la ń pe tiwa, a kì í sì í lé ọmọ tí kò bá mú un wá. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ń dá sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ tí òbí ibẹ̀ rí jẹ díẹ̀ á ní olùkọ́ PTA méjì mẹ́ta. Èyí tí ìyá gbogbo ibẹ̀ ń ta ewé àti iyọ̀ lórí ìtẹ́ kò ní ní ìkankan. Ìjọba kan náà, ìlú kan náà, òfin kan náà, ọmọ kan ń kàwé, ọmọ kejì ń wo ògiri. Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Àwọn tó ń pín olùkọ́ kò sì lè rí ìyàtọ̀ yẹn nínú ìwé wọn, torí olùkọ́ tí ẹgbẹ́ òbí ń sanwó fún kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba.

Kí ni mo wá ń béèrè? Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan, kí ìwé kan wà lára ògiri ọ́fíìsì ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá, níbi tí òbí ti lè kà á: iye ọmọ nínú kíláàsì kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ tó wà níbẹ̀, àwọn tí ìjọba ń sanwó fún, àwọn tí òbí ń sanwó fún, àti ìgbà tí ẹni tó sún mọ́ ìfẹ̀yìntì máa lọ. Níbi tí iṣẹ́ ìkọ́lé bá wà, kí wọ́n kọ orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye owó iṣẹ́ náà, iye tí wọ́n ti san àti ọjọ́ tó yẹ kó parí. Bí a bá lọ béèrè irú nǹkan báyìí ní ọ́fíìsì, wọ́n sábà máa ń ní kí a kọ lẹ́tà, lẹ́tà á wọlé, kò ní jáde. Bẹ́ẹ̀ òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti wà láti 2011, ọjọ́ méje ló fún ọ́fíìsì ìjọba láti fèsì. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti là á mọ́lẹ̀ ní 2025 pé òfin náà mú àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí, kí ìgbìmọ̀ máa ṣe ìjókòó gbangba ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó fọwọ́ sí ètò ìṣúná ọdún. Kò ṣòro. Ní ìpínlẹ̀ California l'Amẹ́ríkà, òfin tí wọ́n ti ń lò láti 1953 mú gbogbo ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Bó ṣe wà lónìí, wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ ohun tí wọ́n fẹ́ jíròrò síta ní wákàtí 72 ṣáájú ìpàdé wọn tó ń wáyé déédéé, ará ìlú sì lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pinnu. Tiwa kò ní láti rí bíi tiwọn. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, nígbà tí gbogbo ìyá wà ní Ìgbọ̀nà tàbí Ọjà Ọba. Kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sọ ọ́ ní èdè wa, kí akọ̀wé sì kọ ohun tí a bá sọ sílẹ̀.

Nígbàkígbà tí wọ́n bá tún fẹ́ gba olùkọ́ tuntun, mo bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n pe àwọn ọmọ NCE tí òbí ti ń sanwó fún wá ṣe ìdánwò bíi ti gbogbo èèyàn, kí wọ́n sì ka ọdún tí wọ́n ti fi kọ́ni sí wọn lára. Orúkọ wọn wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òbí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú iye tí a ń san fún wọn. Bí ìgbìmọ̀ bá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ tiwa lọ́la, a ó kó o fún wọn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Aránṣọ kan, ìyá akẹ́kọ̀ọ́,
Òkè-Bàálẹ̀, Òṣogbo.