Ọ̀rọ̀ sí Àwọn Oníbàárà Wa Lórí Owó Ìtọ́jú Husky àti Ìkọ́ni Ìgbà Ọyẹ́

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí ẹ fi ajá yín sí wa lọ́wọ́ ní Bwari níbí, lẹ́bàá Abuja, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìmúra ọyẹ́.

Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Láti ìgbà tí mo ti fi iye owó tuntun ránṣẹ́ lórí WhatsApp, àwọn kan ti pè mí ní olójúkòkòrò. Àwọn mìíràn kàn dákẹ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló sì ń dùn mí jù, torí ẹni tó bá mi jà ṣì ń kà mí kún ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n kan ní Gwarinpa tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi bi mí pé ṣé ajá làwọn fi sọ́dọ̀ mi ni àbí ọmọ yunifásítì. N kò dá wọn lóhùn lórí fóònù, torí àgbà ni wọ́n. Ìdáhùn mi wà nínú ìwé yìí.

Kí n má fi ìyípadà náà pamọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá, owó ìtọ́jú Husky tàbí Malamute, àwọn ajá ilẹ̀ òtútù tí wọ́n ń sìn fún ẹrù fífà, tó ń gbé lọ́dọ̀ wa, tó sì ń kọ́ ọmọlanke fífà, kúrò ní 90,000 náírà lóṣù, ó di 140,000. Tàwọn ajá aṣọ́lé kò yí padà. Ìdájí nìkan la ó máa fa ọmọlanke báyìí, aago márùn-ún ààbọ̀ sí aago méje. A ò ṣe ti ìrọ̀lẹ́ mọ́. Tó bá sì di ìparí oṣù Kejì, a ó ká okùn kọ́ ògiri, ó di ọyẹ́ mìíràn.

Ti àkókò ni kí n kọ́kọ́ sọ, torí òun kò le. Ajá kì í làágùn bíi tiwa. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀. Mímí hẹlẹhẹlẹ tó ń mí, ahọ́n síta, ló fi ń tu ara rẹ̀ lára. Husky tún wọ irun ní ìpele méjì, torí ọ̀dọ̀ àwọn Chukchi ní Siberia ni wọ́n ti ń sìn ín, níbi tí òtútù ti ń dá omi dúró. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi ajá fa ọkọ̀ orí yìnyín ní Alaska ló gbà pé tí ooru bá ti tó ìwọ̀n 15 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ gidi. Ní Bwari, àfi nígbà ọyẹ́, kí oòrùn tó yọ, la fi lè rí òwúrọ̀ tó sún mọ́ ìyẹn. Tó bá di ọ̀sán, inú ọyẹ́ yẹn kan náà, ó ti kọjá 30. Oṣù Kẹta ní Abuja, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. 37 kì í ṣe ìròyìn níbẹ̀. Bí ara ajá bá sì gbóná dé ìwọ̀n 41, ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n fi ti ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún yín torí iṣẹ́ ìjọba, ẹ bọ́ bàtà yín lágogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán dúró lórí ọ̀dà títì. Ibẹ̀ lẹ ní kí ajá sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì fá irun rẹ̀ kí ẹ tó gbé e wá. Irun yẹn náà ló ń gbà á lọ́wọ́ oòrùn.

Àwọn kan tún ní ìyà ni mo fi ń jẹ ajá pẹ̀lú ọmọlanke. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, àmọ́ n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ajá tí wọ́n bí fún fífà, tí ẹ wá tì mọ́ inú ọgbà kékeré ní Lokogoma, òun ló ń ya àga yín, òun ló ń gbẹ́ abẹ́ ògiri, òun ló ń ké lóru tí àwọn aládùúgbò fi ń pe ọlọ́pàá. Àwọn tó ni iṣẹ́ náà gan-an ní Alaska, kí yìnyín tó bọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kẹ̀kẹ́ onítáyà ni wọ́n ń so ajá mọ́. Àwa náà kì í kù gìrì. Táyà kẹ̀kẹ́ lásán la kọ́kọ́ ń so mọ́ ọn lẹ́yìn, kí ariwo ohun tó ń wọ́ tẹ̀lé e má bàa dẹ́rù bà á mọ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni táyà mọ́tò, ká tó wá kan ọmọlanke. Ajá tí kò tíì pé ọdún kan ààbọ̀, a kì í gbé ẹrù lé e, bó ti wù kí olówó rẹ̀ bẹ̀ wá tó, torí egungun rẹ̀ kò tíì gbó.

Ó wá ku owó. Oúnjẹ ló fà á, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dùn mí, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Ajá tó ń fa ẹrù kì í jẹ bí ajá tó ń sùn sẹ́nu géètì. Ẹ wo iṣẹ́ tí irú ajá yìí ti ṣe rí. Ní oṣù kìíní ọdún 1925, àrùn diphtheria, èyí tó máa ń dí ọ̀fun ọmọdé pa, bẹ́ sílẹ̀ nílùú Nome ní Alaska. Òkun ti dì, wọn ò sì lè fọkàn tán ọkọ̀ òfurufú nínú òtútù yẹn. Ajá ló gbé oògùn náà láti Nenana, ọ̀nà tó lé ní 1,000 kìlómítà, láàárín ọjọ́ márùn-ún ààbọ̀. Awakọ̀ ajá 20 àti nǹkan bí 150 ajá ló pín ọ̀nà náà rìn. Balto, ajá tó gbé e wọ̀lú, ni gbogbo ayé mọ̀, ère rẹ̀ wà ní Central Park ní New York títí dòní, ṣùgbọ́n Togo, ajá awakọ̀ Leonhard Seppala, ló sá ibi tó gùn jù nínú ọ̀nà yẹn, tó sì gba orí omi dídì kọjá. Kí ni irú àwọn ajá bẹ́ẹ̀ ń jẹ? Ẹja salmon gbígbẹ àti ọ̀rá ẹran ni. Lónìí, nínú Iditarod, ìdíje ajá tó ń fa ọkọ̀ orí yìnyín ní Alaska, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ajá kan lè lo nǹkan bí 10,000 kálórì lóòjọ́, ohun tó tó géńdé ọkùnrin mẹ́rin jẹ. Tiwa kò dé ìdajì ìdajì ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rá àti ẹran náà ni agbára tiwa ti ń wá. Ẹ lè fi ẹ̀bà àti egungun bọ́ ajá aṣọ́lé kó má kú. Ẹ kò lè fi bọ́ ajá tó ń fa ọmọlanke.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti ń ra oúnjẹ àpò tó ń ti òkè òkun wá láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. N kò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, mo jẹun níbi ìkómọ ọmọ rẹ̀, òun náà sì wá bá mi ṣòkú bàbá mi. Ó ń tà fún mi láwìn, mo ń san án. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní ìparí oṣù Karùn-ún 2023, tí jálá epo fò kọjá 500 náírà, ó fowó lé e. Oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kí ọjà máa pinnu iye rẹ̀, dọ́là tó wà ní bíi 470 náírà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, kí oṣù Kejì 2024 tó parí ó ti kọjá 1,400. Ó tún fowó lé e. Mo gbà. Èmi náà ń ṣòwò, mo mọ ohun tí dọ́là ń fojú ènìyàn rí. N kò sì gbé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ lé yín lórí, ẹ bi ara yín. Nígbà tó yá, àpò 20 kílò di 15 kílò, àwòrán kan náà lára rẹ̀, iye kan náà. Mo tún gbà, mo ní ilé ayé ló rí bẹ́ẹ̀.

Èyí tí n kò lè gbà ni ti ọjọ́ tí mo já àpò kan tí òórùn rẹ̀ sì bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Òórùn ọ̀rá tó ti bàjẹ́. Mo yí àpò náà síbi tí ọjọ́ ìparí rẹ̀ wà, mo tan iná fóònù sí i. Wọ́n ti fi nǹkan nu dáàtì àtijọ́ kúrò; ojú ibẹ̀ ń dán ju ara àpò tó kù lọ. Wọ́n wá lu òmíràn lé e, ó wọ́, nọ́ńbà 3 àtijọ́ ṣì ń yọjú lábẹ́ 5 tuntun. Mo já èkejì, bákan náà. Ẹnu ajá yín kankan kò kàn án. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo rẹ̀ ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.

Kò bẹ̀ mí. Kò tilẹ̀ bá mi jiyàn. Ohun tó sọ ni pé kí n san gbogbo àwìn tó wà nílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń sọ káàkiri pé gbèsè ló wọ̀ mí lọ́rùn tí mo fi ń wá ẹ̀sùn sí òun lẹ́sẹ̀. Àwọn kan nínú yín gbọ́ ọ, wọ́n sì gbà á gbọ́, mo rí i lójú yín nígbà tí ẹ wá mú ajá. Mo ta jẹnẹrétọ̀ ńlá tí a ní, mo san án dé kọ́bọ̀. N kò jẹ ẹ́ ní nǹkan kan mọ́, n kò sì jẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ ìyẹn níbi tí ẹ ti gbọ́ èkíní.

Ní báyìí, a ti ń se oúnjẹ wọn fúnra wa: orí ẹja Titus, ọ̀rá màlúù àti ẹ̀dọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn alápatà ní Dei-Dei, ẹyin, ìrẹsì díẹ̀. Dókítà ẹran ló bá wa ṣètò ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ mọ iye tí wọ́n ń ta ẹran, ẹ mọ iye tí gáàsì jẹ́, ẹni tó ń jí lágogo mẹ́ta òru dáná náà ń gba owó oṣù. Ibi tí 140,000 ti wá nìyẹn. Ó rọrùn kí n dín oúnjẹ kù kí owó má yí padà. Ẹ ò ní tètè mọ̀. Irun rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín, lẹ́yìn oṣù díẹ̀. N kò lè ṣe é.

Ohun mìíràn tún wà nínú owó yẹn tí ẹ kì í rí. Ọyẹ́ a máa gbẹ ara ajá, òwúrọ̀ tútù kì í sì í jẹ́ kó fẹ́ mu omi lásán. Omi tí a fi bọ ẹja, tó lọ́ wọ́ọ́wọ́, la máa ń bù díẹ̀ sínú omi rẹ̀ kí a tó wọ okùn àyà fún un. Àwọn awakọ̀ ajá ní Alaska náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Á lá a títí, á fi imú ti abọ́ òfìfo kiri ilẹ̀. Ẹsẹ̀ wọn sì máa ń sán nínú eruku ọyẹ́. Bàtà aṣọ ni wọ́n ń wọ̀ fún tọ̀hún lórí yìnyín; òrí la fi ń pa tiwa, òrí ìpínlẹ̀ Niger tó nípọn, láàárín ìka kọ̀ọ̀kan, láàárọ̀ àti lálẹ́. Èmi ni mo ń fi ọwọ́ mi pa á.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wà pẹ̀lú wa tipẹ́, tí owó náà bá wúwo, ẹ lè san án lẹ́ẹ̀mejì nínú oṣù, ẹ ṣáà pè mí. Ẹni tó bá fẹ́ mú ajá rẹ̀ lọ, kí ó wá kí oṣù Kọkànlá tó parí. A ó fún un ní ìwé ohun tí ajá náà ti kọ́ àti ohun tó ń jẹ, n kò sì ní bínú.

A ó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejìlá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ dìgbòlugi dání. Tí ó bá ti lé ní ọdún kan tí ó gbà á, kí ẹ tún un gbà kó tó di ọjọ́ náà. Iléeṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran ti ìjọba àpapọ̀ ní Vom, lẹ́bàá Jos, ń ṣe é, àwọn dókítà ẹran ní Abuja sì ní in. Bí ajá yín bá wà nílé, ẹ má fún un lóúnjẹ láàárọ̀ yẹn kí ẹ tó gbé e wá, torí ikùn tó kún kò gbọdọ̀ sáré. Èmi ni n ó fún un lóúnjẹ lẹ́yìn iṣẹ́. Aago márùn-ún la ó ṣí géètì.

Èmi ni,
Alájá yín ní Bwari