Débọ̀, Ẹsẹ̀ Wọn Ni Kó O Wò

Ìbàdàn,
10 Oṣù Kẹwàá, 2025.

Débọ̀ ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta, o sì kú òtútù. Mo mọ̀ pé ara ìyàwó rẹ le, àwọn ọmọ náà ń ṣe dáadáa. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí.

Mo ka ohun tó o kọ nípa Anthony Joshua, akànṣẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. O ní kò lọ́kàn, pé ìyẹn ló jẹ́ kí Oleksandr Usyk, akànṣẹ́ ọmọ Ukraine, nà án lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò gbà. Ẹni tí Klitschko lù bolẹ̀ ní abala (ráùndì) kẹfà níṣojú èèyàn bí 90,000 ní Wembley ní 2017, tó dìde, tó mí, tó wá lu Klitschko títí réfírì fi dá ìjà dúró ní abala kọkànlá, ṣé ẹni bẹ́ẹ̀ ni wàá ní kò lọ́kàn? Ẹsẹ̀ ló kó bá a, àti ọwọ́ iwájú.

Ọwọ́ òsì ni Usyk fi ń jà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló wà níwájú, ọwọ́ òsì tó lágbára wà lẹ́yìn. Joshua ní tirẹ̀, ẹsẹ̀ òsì àti ọwọ́ òsì ló máa ń fi síwájú. Tí irú àwọn méjì yìí bá kojú ara wọn, ẹsẹ̀ iwájú ẹnì kìíní á kángun sí ti ẹnì kejì, ọwọ́ iwájú wọn náà á wà lójú ọ̀nà kan náà. Ibẹ̀ ni wàhálà Joshua ti bẹ̀rẹ̀. Jáàbù ọwọ́ òsì (ẹ̀ṣẹ́ tààrà ọwọ́ iwájú) tó fi ń ṣí ilẹ̀kùn fún ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ ọ̀tún Usyk ti wà níbẹ̀ tó ń tì í, tó ń gbá a dànù. Èyí tó tún ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bá bọ́ sí ẹ̀yìn òde ẹsẹ̀ ẹnì kejì, òun ni ọwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ní ọ̀nà tààrà sí àgbọ̀n. Ẹni tó bá wà ní inú á kọ́kọ́ yí ara padà kó tó lè gbá a. Usyk mọ èyí dunjú. Yóò gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún díẹ̀ sí ọ̀tún, yóò sọ ọwọ́ òsì gbọọrọ, yóò sì ti yí kúrò kí Joshua tó dáhùn. Ohun tó ṣe nìyẹn nínú ìjà àkọ́kọ́ wọn ní Tottenham, London, 25 Oṣù Kẹsàn-án, 2021, pẹ̀lú pé kílò 100 ló wọ̀n, tí Joshua sì wọ̀n tó 109.

Ṣé ó ní oògùn? Ó ní. Ẹni tó bá fẹ́ bá ọlọ́wọ́ òsì jà kò gbọ́dọ̀ fi jáàbù ṣe aṣíwájú nígbà gbogbo. Ọwọ́ ọ̀tún ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ, kó sọ ọ́ sí àyà àti ikùn, nítorí orí Usyk kì í dúró sójú kan, àmọ́ ikùn ò lè sá bí orí. Kó máa gbé ẹsẹ̀ òsì tirẹ̀ sí ìta ẹsẹ̀ ọ̀tún Usyk. Tí ọwọ́ ọ̀tún bá ti wọlé, kí húùkù òsì (ẹ̀ṣẹ́ tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá) tẹ̀ lé e kíákíá. Ní Jeddah, Oṣù Kẹjọ 2022, nígbà tí Robert Garcia, olùkọ́ ìjà, ti wà ní igun rẹ̀, Joshua lọ sí ikùn dáadáa, ìdí nìyẹn tí ìjà kejì fi sún mọ́ra ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abala kẹsàn-án yẹn, òun ló ni ín. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé tó bá ti sọ ẹ̀ṣẹ́ méjì, á dúró, á tún ìdúró rẹ̀ ṣe, á mí. Àárín ìdúró yẹn ni Usyk ti ń jẹun. Nígbà tí abala kẹwàá bẹ̀rẹ̀, Usyk da ẹ̀ṣẹ́ bò ó, ìjà sì bọ́ lọ́wọ́ Joshua.

Ìṣòro Joshua pẹ̀lú Andy Ruiz àti Daniel Dubois, àwọn méjì míì tó nà án, yàtọ̀ sí èyí, má ṣe dà wọ́n pọ̀. Ní New York, Oṣù Kẹfà 2019, Joshua ló kọ́kọ́ lu Ruiz bolẹ̀ ní abala kẹta. Ó wá sáré wọlé láti parí rẹ̀, àwọn méjèèjì ń sọ húùkù sí ara wọn ní ìtòsí, òsì Ruiz bá a ní ẹ̀bátí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì padà bọ̀ sípò títí wọ́n fi dá ìjà dúró ní abala keje. Wá wo Wembley, Oṣù Kẹsàn-án 2024. Lóòótọ́, Dubois ti lù ú bolẹ̀ láti abala kìn-ín-ní. Ṣùgbọ́n ní abala karùn-ún, Joshua fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a, Dubois ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n, ọ̀nà là. Kí ni Joshua ṣe? Ó tẹ̀ lé e dé orí okùn, ó sọ ẹ̀ṣẹ́ abẹ́ àgbọ̀n láti ọ̀ọ́kán, ọwọ́ kejì rẹ̀ ò sì bo àgbọ̀n. Ọwọ́ ọ̀tún Dubois dé kí tirẹ̀ tó dé. Ọdún márùn-ún ló wà láàárín ìjà méjèèjì, àṣìṣe kan náà ni. Tí ènìyàn bá ti gbọn ọ̀tá rẹ̀, ìdajì ìṣísẹ̀ sẹ́yìn ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé, kó fi jáàbù wọn ọ̀nà, kó tó wá sọ ọwọ́ ọ̀tún. Ó dùn mí gan-an, torí ó mọ̀ ọ́n ṣe: òun náà ló fi jáàbù àti ẹsẹ̀ jà fún abala méjìlá gbáko ní Diriyah lóṣù Kejìlá 2019, tí Ruiz tó wá pẹ̀lú kílò 128 ò lè bá a.

Ní ti àkọsílẹ̀ ìjà tó o kọ ránṣẹ́, o ní títí di Oṣù Kẹwàá 2025, Usyk ja 24, ó borí 24, àmọ́ nọ́kàòtù (ìborí tí kò dúró de máàkì adájọ́) 15 péré ló ní, nígbà tí Joshua ní 25 nínú ìborí 28. Iye yẹn nìkan ò sọ nǹkan kan. Béèrè ta ni, béèrè ibo, béèrè ipò wo ni ẹni tó nà wà lọ́jọ́ náà. Wo àwọn tí Usyk nà àti ibi tó ti nà wọ́n: Glowacki, Poland ló ti lọ gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ rẹ̀. Huck, Berlin. Briedis, Riga. Gassiev, Moscow. Bellew, Manchester. Joshua, London. Ilé onílé ló ti ń gba ohun onílé, níbi tí abala tó bá sún mọ́ra ti rọrùn láti bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ilé. Gbé ti Deontay Wilder, akànṣẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: nígbà tó fẹ́ pàdé Tyson Fury, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Los Angeles ní 2018, ìjà 40 ló ti jà, ó borí gbogbo rẹ̀, 39 sì jẹ́ nọ́kàòtù. Yọ Stiverne àti Luis Ortiz kúrò, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí orúkọ tó wúwo nínú ìyókù. Fury ò bẹ̀rù iye yẹn, ọ̀mì ni wọ́n ta, ó sì dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn náà.

Èyí tó ń bí mi nínú jù nínú àríyànjiyàn yìí ni “lágbájá na tàmẹ̀dò, tàmẹ̀dò na làkáṣègbè”. O ní Ngannou lu Fury bolẹ̀, Joshua sì gbé Ngannou sùn ní abala kejì, nítorí náà Joshua á na Fury. Wo àwọn akànṣẹ́ mẹ́ta yìí ná: Joyce gbé Parker sùn ní 2022. Zhang na Joyce lẹ́ẹ̀mejì ní 2023. Parker wá na Zhang ní 2024. Àwọn mẹ́ta, kò sí olórí. Zhang ọlọ́wọ́ òsì ni, Joyce a sì máa gbé ojú sílẹ̀ fún ẹ̀ṣẹ́ láti lè sọ tirẹ̀. Ọwọ́ òsì Zhang bá ojú yẹn, ó wú, wọ́n dá ìjà àkọ́kọ́ dúró. Parker ní tirẹ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ Zhang, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ, Zhang sì máa ń rẹ̀ tí abala bá ti pọ̀. Ọ̀nà ìjà ló ń pàdé ọ̀nà ìjà.

O tún ní wọ́n yan Fury jẹ nígbà tó bá Usyk jà ní Riyadh, 18 Oṣù Karùn-ún, 2024. Jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Lórí káàdì adájọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá borí abala kan gba 10, ẹnì kejì gba 9. Bí ẹni náà bá ṣubú, 8 ló sábà máa ń gbà. Nínú abala 12 tí kò sí ìṣubú, tí kò sí ọ̀mì, àròpọ̀ máàkì àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ 228. 115-113 túmọ̀ sí abala méje sí márùn-ún, 116-112 sì jẹ́ mẹ́jọ sí mẹ́rin. (Ní Tottenham, adájọ́ kan kọ 117-112. 229 nìyẹn, ó ti fún àwọn méjèèjì ní 10 ní abala kan.) Ní Riyadh, káàdì méjì jẹ́ ti Usyk, 115-112 àti 114-113, ìkẹta jẹ́ ti Fury, 114-113. Ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: 227 ni. Máàkì kan tó dín yẹn, abala kẹsàn-án ló wà, níbi tí réfírì ti kà fún Fury bí ẹni tó ṣubú. Dá máàkì yẹn padà fún Fury, kí abala náà jẹ́ 10-9 lásán: 115-113 Usyk, 114-114, 115-113 Fury. Ọ̀mì! Kíkà yẹn ló fún Usyk ní gbogbo bẹ́líìtì. Ṣé ó tọ́ kí wọ́n kà á? Ó tọ́. Òfin sọ pé bó bá jẹ́ okùn ni kò jẹ́ kí ènìyàn balẹ̀, ìṣubú ni, Fury sì ti ń fò láti okùn dé okùn. Ní ìjà kejì, Oṣù Kejìlá ọdún náà, Fury dé pẹ̀lú kílò 127, àwọn adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kọ 116-112 fún Usyk. Kò sí ohun tí a lè jiyàn lé lórí ìyẹn.

Wàyí o, ká ní Joshua àti Fury bá pàdé. Fury ní òun ti fẹ̀yìn tì ní Oṣù Kìíní 2025, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 9, Joshua jẹ́ 6 àti 6. Apá Fury gùn jù tirẹ̀ lọ ní íǹṣì mẹ́ta. Orí Fury kò ṣeé bá, ìbàdí ló fi ń fà á sẹ́yìn, nítorí náà kí Joshua gbàgbé orí ní abala mẹ́ta àkọ́kọ́, kó máa sọ jáàbù sí àyà. Fury máa ń gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sísàlẹ̀, tó bá sì sọ ọ́ tán, kì í yára dá a padà. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ọ̀tún ti ń wọlé. Pajkic, Cunningham, Wilder, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi bá a. Tí Fury bá gbá Joshua mọ́ra, á fi apá tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn, á gbé gbogbo ìwúwo rẹ̀ lé e, bí a ṣe ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé èjìká. Kí Joshua má bá a jìjàkadì. Kó fi iwájú orí sábẹ́ àgbọ̀n Fury, kó fi ọwọ́ tó bá ṣí sílẹ̀ lu ìhà, kó jẹ́ kí réfírì là wọ́n. Dídì mọ́ni yìí náà ní ààlà o: Henry Akinwande, ọmọ wa tó ga bí òpó, òun ni réfírì lé kúrò ní abala karùn-ún nígbà tó ń jà pẹ̀lú Lennox Lewis ní 1997, torí pé kò ṣíwọ́ dídì mọ́ ọn.

Mo ṣì mú Fury, abala méje sí márùn-ún. Bí Joshua máa borí, kí abala kẹfà tó kọjá ni, pẹ̀lú ọwọ́ ọ̀tún. Bó bá sì lù ú bolẹ̀, kó rántí pé Fury dìde fún Wilder ní abala kejìlá. Kó má sáré wọlé.

Moses Itauma tó o fẹ́ kó pàdé Usyk báyìí, jọ̀ọ́, jẹ́ kí ọmọ náà gbó díẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ yá bí ìmọ́lẹ̀, ọlọ́wọ́ òsì ni, bàbá rẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, ó sì gbé Dillian Whyte sùn lóṣù Kẹjọ 2025 kí ìṣẹ́jú méjì tó pé. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn kò tíì pé ọmọ ọdún 21, nínú ìjà 13 tó ti jà títí di ọjọ́ náà kò sì tíì rí abala keje rí. Abala keje sí ìkejìlá ni Usyk ti máa ń gba ìjà lọ́wọ́ èèyàn. Fún un ní ẹni tó lè gbé e dé abala kẹwàá ná.

Tí àyè bá yọ, tún ìjà Jeddah wò. Pa ohùn àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀, torí wọ́n á ti pinnu fún ẹ kó o tó rí nǹkan. Ní abala mẹ́ta àkọ́kọ́, má wo ọwọ́ wọn rárá, ẹsẹ̀ iwájú nìkan ni kó o máa wò: ta ló wà ní ìta? Lẹ́yìn náà dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, kọ máàkì lẹ́yìn abala kọ̀ọ̀kan kí èyí tó tẹ̀ lé e tó bẹ̀rẹ̀, má tún un kọ. Tèmi jẹ́ 116-112 fún Usyk. Fi tìrẹ ránṣẹ́ sí mi, kó o sì sàmì sí abala tó o rò pé wọ́n rẹ́ Joshua jẹ.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Gbénga.