Ọmọ-ọmọ mi kò ní oríkì nínú ìwé ìjọba

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ ìwé yìí, ẹ má sì bínú tí ọ̀rọ̀ mi bá gùn. Ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí ni wọ́n lé mi kúrò nídìí ìwé-ẹ̀rí ìbí bí ẹni tó wá tọrọ owó.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin la lọ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi wá ọmọ yìí. Lọ́jọ́ ìkómọ, mo ju igba náírà sínú abọ́ omi, mo pè é ní Àbẹ̀kẹ́, gbogbo ẹni tó mọ ohun tí ìyá rẹ̀ fojú rí ló nu omijé nù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tẹ orúkọ kìíní, ó tẹ ìkejì, ó tẹ ti bàbá. Mo ní, "Ọmọ mi, oríkì rẹ̀ ńkọ́? Àbẹ̀kẹ́ ni." Kò gbójú sókè. Ó ní, "Ìyá, oríkì ò sí níbí. Àyè mẹ́ta náà ló wà." Mo ní kó ṣáà bá mi fi àmì sórí Àràolúwa tó jẹ́ orúkọ kejì, ó ní ẹ̀rọ ò gba àmì. Ló bá kà á sókè kí a lè mọ̀ bóyá ó pé: "Araolúwa." Ara, irú èyí tí à ń fi ọṣẹ fọ̀! Ọmọ Yorùbá sì ni o. Orúkọ tó wà lára káàdì tó fi kọ́ ọrùn, Yorùbá pọ́ńbélé ni.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní Yorùbá kí n tó fẹ̀yìntì, n kò sì lè ka iye ìgbà tí mo kọ ọ́ sójú pátákó: àrà ni ohun ìyanu, àrá ló ń sán, ará ni ọmọ ìlú ẹni. Ọmọ tí a fi ìyanu Ọlọ́run sọ ti di ara ní ọ́fíìsì ìjọba. Bó bá wọ ilé-ìwé, tísà rẹ̀ á sọ ọ́ di àrá.

Ṣùgbọ́n kí n tó dojú kọ àwọn aláṣẹ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbálẹ̀ ilé tèmi. Orúkọ kìíní nínú ìwé yẹn, Zuriel ni. Kó tó di ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sára àsíá gbọọrọ kan, wọ́n fi bàlúùnù aláwọ̀ wúrà yí i ká. Láyé tiwa, ìkókó là ń pe ọmọ títí àwọn àgbà yóò fi péjọ. Mo bi ọmọ mi pé níbo ni ẹ ti rí orúkọ yìí, ó ní orí fóònù ni, pé ó wà lára àwọn tó ń lọ lọ́wọ́. Mo ṣí Bíbélì. Númérì 3:35 ni mo ti bá Zuriel, ọmọ Ábíháílì, olórí ìdílé Mérárì. Ọkùnrin ni! Mo fi han bàbá ọmọ, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màámi, ó ṣáà dùn lẹ́nu."

Ó dùn lẹ́nu. Ilé kọ́ ni wọ́n wò rárá.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé arúgbó yìí kò fẹ́ ohun tuntun. Èmi náà, Comfort ni wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún mi, ó sì tó ọdún méjìlá kí n tó mọ ohun tó túmọ̀ sí. Àwọn tó ṣáájú wa tilẹ̀ gba orúkọ àjèjì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún Crowther ní 1825, Samuel ni wọ́n fún un, síbẹ̀ Àjàyí tó gbé wá látọ̀run kò kúrò lára rẹ̀ títí dòní. David Brown Vincent, pásítọ̀ onítẹ̀bọmi ní Èkó, bọ́ tirẹ̀ dànù pátápátá ní 1894, ó di Mojọlá Àgbẹ̀bí. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń gbé wọ̀, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń bọ́.

Tiwa òde òní, òkìrìkà ni. Ní 2010 àti 2011, Jayden ni orúkọ kẹrin tí wọ́n sọ ọmọkùnrin jù ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti lò ó gbó, wọ́n ti sọ ọ́ nù, wọ́n ti kọrí sí Liam. Àwa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú bẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ní àdúgbò mi ni. Mo mọ Jayden mẹ́ta láàárín òpópónà méjì, ọ̀kan nínú wọn ló máa ń bá mi gbé omi.

Àwọn tó ní Yorùbá làwọn ń sọ pàápàá, ẹ wò wọ́n dáadáa. Tiwalolúwa, orúkọ tó dára ni, àbí? Wọ́n gé Olúwa kúrò, ó ku Tiwa. Tiwa kí ni? Ẹ pe Dara ní kíláàsì kan, ọmọ mẹ́rin á dáhùn. Èyí tó bá dàgbà díẹ̀, tó dé orí Facebook, á lọ fi "h" ṣíwájú Ọlámidé, á kọ ọ́ bí ẹni tí òtútù mú. N kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Olóòtú, gbogbo èyí mo lè fara dà. Ohun tí n kò lè fara dà ni pé ọmọ kò ní oríkì mọ́. Ọmọ Ọ̀fà ni bàbá ọmọ yìí. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ náà sunkún láti aago méjì òru. Ìyá rẹ̀ rọ̀ ọ́ ní Zuriel títí, ó fi orin inú fóònù sí i létí, kò gbọ́. Mo gbà á, mo gbé e lé èjìká, mo ní, "Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀kín, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ Ọlálọmí, ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ta lo fẹ́ bá jà lóru yìí?" Ó fa ẹ̀mí kan gùn, ó fi orí tì mí lọ́rùn. Ìyàwó ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. Ó wá ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀." Ibi tí mo ti ń kọ ọ́ ni omijé ti bọ́ lójú mi, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá kú lọ́la, kò sí níbì kan tí ìjọba ti kọ ọ́ pé ọmọ yìí ń jẹ́ Àbẹ̀kẹ́.

Kí sì ni àwọn tó wà lókè ń ṣe? Ní 2022 wọ́n kéde pé èdè abínibí la ó máa fi kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní 2025 wọ́n ní àwọn ti wọ́gi lé e. Àwọn kan náà ni wọ́n máa wọ agbádá lọ́jọ́ àjọ̀dún àṣà, tí wọ́n á ní ká má jẹ́ kí èdè wa kú. Ẹ sọ fún wọn pé láti 1875 ni wọ́n ti pàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Fóònù olówó pọ́ọ́kú ọwọ́ mi yìí ń tẹ ẹ́ àti ọ̀, ọfẹ́ ni Gboard ti Google tó fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi owó ìlú rà ni kò gba àmì!

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Kí wọ́n ṣí àyè kẹrin sínú ìwé ìbí, kí wọ́n kọ oríkì sí i, kí ó gba àmì. Bí òbí kò bá ní ohun tí wọ́n máa kọ síbẹ̀, kí wọ́n fà á gbọọrọ, kò sí ìtanràn. Ṣùgbọ́n bí àyè bá ti wà, akọ̀wé á béèrè, òbí á tẹ ìyá tàbí bàbá wọn láago nílé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni oríkì ọmọ yìí?" Ìpè yẹn gan-an ni mo ń wá. Àwọn tí kò mọ àmì, kí ìjọba ìbílẹ̀ pe àwa olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì. A pọ̀, a wà nílé, owó ìfẹ̀yìntì wa kò tètè wọlé. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa jókòó sí ọ́fíìsì náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí òbí pe orúkọ, kí á kọ ọ́ bó ṣe tọ́ sórí ìwé pélébé kan, kí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wò ó tẹ̀. N kò bèèrè owó oṣù. Owó ọkọ̀, àga tó ní ẹ̀yìn, àti fáànù, ó tó mi.

Kí àwọn pásítọ̀ àti àlùfáà náà máa béèrè oríkì lọ́jọ́ ìkómọ. Kí àwọn tó ń tẹ àsíá kọ́ bí a ṣe ń fi àmì sí orúkọ.

Ní tèmi, wọ́n ní kí a padà wá gba ìwé náà lọ́jọ́bọ̀. Mo ti ra báírò dúdú méjì. Bí wọn kò bá ní àyè, ẹ̀yìn ìwé ṣófo.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá àgbà Àbẹ̀kẹ́,
Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn.