Lẹ́tà sí Adùkẹ́ lórí oògùn tuntun tó sọ fún kíláàsì rẹ̀

Ìsọ̀kùn, Iléṣà.

Adùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú ò jẹ́ kí n tètè sùn. O ní o sọ fún kíláàsì rẹ pé wọ́n ti rí ìwòsàn fún fòníkú-fọ̀ladìde, gbogbo wọn pàtẹ́wọ́, àfi ọmọbìnrin kan tó dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà, tó ní, "Àǹtí, ìgbà wo ló máa dé Ifẹ̀?" Ẹnu rẹ wọhò.

O ò purọ́. Ìparí ọdún 2023 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìtọ́jú yẹn, tí wọ́n ń pè ní Casgevy, Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí i nínú oṣù Kejìlá. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe lórí oògùn. Ṣé o sọ fún wọn pé kì í ṣe hóró tí à ń fi omi gbé mì? Wọ́n á kọ́kọ́ fa ohun tó ń pèsè ẹ̀jẹ̀ jáde lára aláìsàn, wọ́n á tún un ṣe kó lè máa ṣe irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ ń lò nínú oyún, èyí tí kì í tẹ̀ bíi dòjé. Wọ́n á wá fi oògùn líle, irú èyí tí wọ́n fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ, pa èyí tó kù nínú mùdùnmúdùn eegun rẹ̀, kí wọ́n tó dá tuntun padà. Nínú aláìsàn 31 tí wọ́n tẹ̀ lé, 29 lo ọdún kan gbáko ó kéré tán láìsí ìrora ńlá. Iyì ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n dọ́là mílíọ̀nù 2.2 ni wọ́n dá lé e l'Amẹ́ríkà, fún ẹnì kan ṣoṣo! Ta gbogbo ṣọ́ọ̀bù Lágere, kò dá mi lójú pé á pé.

Pe ọmọ yẹn sí kọ̀rọ̀. Má pè é dìde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ o. Bi í bóyá ó ń lọ síbi àyẹ̀wò déédéé, bóyá dókítà ti bá a sọ̀rọ̀ oògùn hydroxyurea, tó ti wà nílé yìí tipẹ́, tó ń dín ìrora kù. Sọ ọ̀rọ̀ omi mímu àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn fún un. Ibà kì í fi irú wọn ṣeré. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà, Kebbi àti Bayelsa ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Nàìjíríà, ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ ọwọ́ sì ni wọ́n ń gún un fún.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di nọ́ọ̀sì, mo sọ fún ìyá kan pé abẹ́rẹ́ tí mo gún ọmọ rẹ̀ "dára gan-an", mo sì kọjú sí ẹni tó kàn. Mi ò sọ pé ara ọmọ lè gbóná lálẹ́. Ara ọmọ gbóná. Mi ò rí ìyá yẹn mọ́.

Má sì jẹ́ kí wọ́n rò pé òkè òkun nìkan ni ìmọ̀ ti ń wá. Ìmẹ̀sí-Ilé tiwa yìí ni Dókítà David Morley, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild, ti ń wọn àwọn ọmọdé ní ìparí àwọn ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960, tó ń fa ìlà ìwọ̀n wọn sórí káàdì tí ìyá ọmọ fúnra rẹ̀ ń gbé lọ sílé. Káàdì yẹn rìn káàkiri ayé.

Mo fi káàdì tìrẹ rán awakọ̀ Ifẹ̀ tó máa gbéra láàárọ̀ ọ̀la. Ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Wo oṣù kẹsàn-án, wàá rí ibi tí ìlà ti já wálẹ̀: ìgbẹ́ gbuuru ló ṣe ọ́, gbogbo òru ni mo fi ń ro omi oníyọ̀ àti ṣúgà sí ọ lẹ́nu. Fi hàn wọ́n, kí o sì dá a padà fún mi tí o bá ń bọ̀ wálé.

Bàbá rẹ kí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ.