Ẹ Jẹ́ Kí A Dá Orúkọ Àwọn Olóògbé Wa Padà Sára Ògiri

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ẹ̀dùn ọkàn mi sínú ìwé ìròyìn yín, nítorí ohun tí mo rí ní pápá ìṣeré wa ní Iléṣà lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá fẹ́rẹ̀ẹ́ gba omi lójú mi. Orúkọ àwọn márùn-ún tí a jọ gbá họ́kì kí ọlọ́jọ́ tó dé, èyí tí àwa fúnra wa fi ọ̀dà dúdú kọ sára ògiri yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, ni wọ́n ti fi ọ̀dà funfun kùn bò nítorí pé àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ wá ṣí ìdíje. Ọ̀dà náà kò tilẹ̀ nípọn. Mo ṣì rí ìdajì orúkọ gólì wa lábẹ́ rẹ̀, ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló bá wa di agolo ọ̀dà mú lọ́jọ́ tí a kọ orúkọ àkọ́kọ́.

Ẹnikẹ́ni kò bi wá. Nígbà tí mo béèrè, wọ́n ní ògiri náà ti dọ̀tí. Ṣé orúkọ òkú wa ló wá di ìdọ̀tí? Bí eléré ìdárayá bá gba àmì ẹ̀yẹ, àwọn tí ìjọba fi ṣe alábòójútó a máa sáré wá ya fọ́tò. Bí ó bá kú, a kì í rí wọn níbi ìsìnkú rẹ̀.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì Humboldt Broncos, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín kan ní Kánádà, forí sọ ọkọ̀ akẹ́rù lọ́jọ́ 6 oṣù Kẹrin ọdún 2018, tí ènìyàn 16 kú, ńṣe ni àwọn ará ibẹ̀ gbé igi họ́kì síta sẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Irú àjálù bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa: ní ọdún 2025, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ìpínlẹ̀ Kano tó lé ní 20 kú sójú ọ̀nà nígbà tí wọ́n ń darí bọ̀ láti ìdíje ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Èló nínú wa ló ṣì ń rántí wọn?

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti Columbus Blue Jackets, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín kan ní Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn tí mọ́tò pa agbáhọ́kì wọn, Johnny Gaudreau, àti àbúrò rẹ̀ Matthew lórí kẹ̀kẹ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, ẹgbẹ́ náà fi ààyè Johnny lápá òsì sílẹ̀ lófìfo níbẹ̀rẹ̀ eré wọn àkọ́kọ́ nílé, aago sì ka ìṣẹ́jú àáyá 13, nítorí pé nọ́ńbà 13 ló ń wọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí a máa ṣe níbí náà nìyẹn. Nọ́ńbà 22 ni gólì wa ń wọ̀. Níbẹ̀rẹ̀ eré tí a fi ń ṣí ọdún, kí àwọn mẹ́wàá yòókù nínú ẹgbẹ́ wa dúró, kí ẹnu gólì ṣófo fún ìṣẹ́jú àáyá 22, kí àwọn alátakò má ṣe fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, kí àgbà kan nínú wa sì ki oríkì rẹ̀ sókè títí aago yóò fi pé, kí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ họ́kì lè mọ ẹni tó ti dúró síbẹ̀ rí. Bí a bá ti ṣe tirẹ̀ tán lọ́dún yìí, kí ó kan ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀. Ó sì yẹ kí a máa bẹ ìdílé wọn wò pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ti ògiri ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Wọn kò bi wá kí wọ́n tó kùn ún. Mo ń bi wọ́n báyìí. Agolo ọ̀dà dúdú ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Kí wọ́n ṣáà ṣí ilẹ̀kùn pápá fún wa ní Sátidé tó ń bọ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Agbáhọ́kì àtijọ́ kan,
Iléṣà.