Ìràwọ̀ tó ní ẹnìkejì

Toulouse, ilẹ̀ Faransé
Oṣù Kejì

Délé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí Ìyá Ìbejì, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé ara Màmá ti le dáadáa? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ìbéèrè tó wà ní ìparí rẹ̀ ò sì kúrò lọ́kàn mi látìgbà náà: kí lèèyàn ń wá nídìí ìyára ìràwọ̀ tí kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láéláé? Ohun tó gbé mi dé ibí nìyẹn, nítorí náà, fara balẹ̀ kí n dá ọ lóhùn.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú ní Ìjẹ̀bú, jáde síta kí o wo ìràwọ̀ tó mọ́lẹ̀ jù lójú ọ̀run, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní Ìràwọ̀ Ọkọ̀, tí òyìnbó ń pè ní Sirius. Bí a bá tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ òṣùmàrè, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ á hàn nínú rẹ̀, èròjà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlà tirẹ̀. Irin pọ̀ jù níbẹ̀, èròjà kan tó ń jẹ́ scandium ò sì tó. Irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ là ń pè ní Am.

Ojú rẹ̀ lásán lọ̀rọ̀ náà wà o, kì í ṣe inú lọ́hùn-ún. O mọ ògì tí wọ́n sẹ́ tán tí wọ́n gbé kalẹ̀: bí ẹnikẹ́ni ò bá rò ó, á tòrò. Ìràwọ̀ tó ń yára yí ń ro ara rẹ̀ pọ̀ ni. Èyí tó ń yí jẹ́jẹ́ ló ń ráyè tòrò: àwọn èròjà kan á rì, ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ láti inú á sì máa ti irin àti àwọn mìíràn gòkè. Onímọ̀ ìràwọ̀ Georges Michaud ló là á yé wa ní 1970.

Ta ló wá dín yíyí ìràwọ̀ náà kù? Ẹnìkejì rẹ̀ ni, ìràwọ̀ mìíràn tí wọ́n jọ ń yí ara wọn ká! Ní 1961, onímọ̀ ìràwọ̀ Helmut Abt gbé ìràwọ̀ Am 25 yẹ̀ wò, 22 nínú wọn ló ní ẹnìkejì. Àwọn méjèèjì súnmọ́ra débi pé ìfàmọ́ra ara wọn ń ká ara wọn lọ́wọ́ kò.

A kì í sábà fojú rí ẹnìkejì yìí. Ìlà dúdú wọ̀nyẹn la fi ń mú un. Doppler ni, ìwọ náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì: bí ìràwọ̀ bá ń bọ̀, ìlà á sún sí apá aró, bó bá ń lọ, á sún sí apá pupa. Ìyára kìlómítà 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ò sún ìlà ju ìdá kan nínú 10,000 lọ. Ayé tiwa sì ń fi irú ìyára yẹn yí oòrùn ká, a ní láti kọ́kọ́ yọ ìyẹn kúrò. Ìlà àwọn Am pọ̀, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́ torí pé wọn ò yára yí, nítorí náà wíwọ̀n wọn rọrùn. Mo fẹ́ràn èyí gan-an: ohun tó sọ wọ́n di àjèjì náà ló ń ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ìdí rẹ̀.

CORAVEL, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìyára ìràwọ̀ nígbà náà ní ilé ìwòràwọ̀ Haute-Provence nílẹ̀ Faransé níbí, ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Carquillat àti Prieur lò fún èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tiwọn. Ní 2007, wọ́n kọ ọ́ pé nínú ìràwọ̀ Am 91, ìdá 64 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní ẹnìkejì tí ìyára fi hàn. Àwọn tó kù ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyára síwá-sẹ́yìn nìkan là ń rí; ìràwọ̀ tí ọ̀nà ìyípo rẹ̀ bá kọjú sí wa pátá lè máa sáré kíkankíkan kí ìlà rẹ̀ má mì. Àwọn mìíràn, ìyípo wọn gùn jù. Wo Sirius fúnra rẹ̀: Bessel ti sọ ní 1844 pé ó ní ẹnìkejì, Alvan Graham Clark sì rí i ní 1862, ṣùgbọ́n ìyípo kan ń gbà wọ́n ní bí ọdún 50. Wọ́n jìnnà síra jù fún ẹnìkejì yẹn láti dín yíyí Sirius kù báyìí. Èmi ò gbà pé ẹnìkejì tó súnmọ́ra nìkan ni ìdí.

Irú ìràwọ̀ àjèjì mìíràn wà tí à ń pè ní Ap, tí agbára òòfà wọn pọ̀; wíwọ̀n tiwọn le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àbàwọ́n wà lójú wọn, bí wọ́n ṣe ń yí làbàwọ́n ń wọlé tó ń jáde, ìlà á sì máa sún bíi pé ẹnìkejì wà. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a wọn èròjà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí irin bá ń sọ ìyára kan, tí chromium ń sọ òmíràn, àbàwọ́n ni. Bí ẹnìkejì bá wà lóòótọ́, yíyí tí wọ́n ń yí ara wọn ká máa ń gbé gbogbo ìlà lọ pa pọ̀. Ẹnìkejì tó súnmọ́ra sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ tiwọn, òdìkejì Am gan-an. Àwọn onímọ̀ kan rò pé ìràwọ̀ méjì tó dà pọ̀ di ẹyọ kan ni wọ́n.

Délé, bí ìyípo kan bá gba ogún ọdún, ẹlòmíràn ní láti ti wọ̀n ọ́n kí n tó débẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tí n kò rí rí ni mo gbé síwájú lójoojúmọ́, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ohun tí ELODIE, ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé CORAVEL níbẹ̀, wọ̀n wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Màá yan ìràwọ̀ kan tí ìyípo rẹ̀ kúrú, màá fi ìyára àti ọjọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ kí àwọn ọmọ SS2 rẹ fi ọwọ́ ya gíráàfù rẹ̀, kí wọ́n sì wá iye ọjọ́ ìyípo náà fúnra wọn. Má sọ ìdáhùn fún wọn o. Kọ̀wé padà, kí o jẹ́ kí n mọ iye ọmọ tó wà ní kíláàsì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Wálé