Ẹ Mú Ìwé Tó Dùn Lọ Ọlidé: Lẹ́tà sí Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìdánwò, ẹ sì kú oríire pé ẹ bọ́. Láti ìparí oṣù keje títí wọ oṣù kẹsàn-án, kò sí agogo tí yóò lù, kò sí tíṣà tí yóò ní kí ẹ dìde. Àwọn kan nínú yín ń lọ sọ́dọ̀ màmá àgbà ní Ìsẹ́yìn tàbí Ìkirè, àwọn kan ń lọ kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, àwọn kan ò sì lọ síbì kankan, fóònù ni wọn yóò máa tẹ̀ ní pálọ̀. Ibi yòówù kí ẹ wà, mo fẹ́ kí ìwé kan wà nítòsí yín. Ẹ má tíì yínmú. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ní í bi yín ní ìbéèrè lórí rẹ̀ ni mò ń wí.

Iṣẹ́ tíṣà Yorùbá ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, mo sì mọ ohun tí àwa tíṣà ń fi ojú ìwé rí. A ó mú ìtàn tó dùn, a ó là á sí wẹ́wẹ́: dárúkọ ẹ̀dá ìtàn mẹ́ta, ṣàlàyé kókó ọ̀rọ̀, tọ́ka sí àfiwé méjì ní orí kẹrin. Ìdánwò ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá gba ibẹ̀ kọjá a máa wo ìwé Yorùbá bí àgbo ibà, ohun tí wọ́n ń dimú mu nítorí pé ìyá dúró tì wọ́n.

Bẹ́ẹ̀, ìgbádùn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìwé wọ̀nyí. Ní 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Ṣẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́, arẹwà àná tó ti di aláìsàn, tó ń ro gbogbo ohun tó fi ọkùnrin Èkó ṣe. Àwọn tó ń kà á gbà pé ènìyàn gidi ni, wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí tirẹ̀. Àṣé Isaac Thomas, olóòtú fúnra rẹ̀, ló jókòó tó ń hun gbogbo rẹ̀. Ní 1930 ó di odidi ìwé. Ẹni tó ra ìwé ìròyìn lọ́sẹ̀ yẹn ò ní ìdánwò kankan níwájú, ó kàn fẹ́ mọ ibi tọ́rọ̀ já sí ni. (Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, ẹ fi Ṣẹ̀gilọlá sílẹ̀ ná. Ojú rẹ̀ ti là jù. Mo sì mọ̀ pé bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ yìí, òun gan-an lẹ ó kọ́kọ́ wá kiri.)

Bí ẹ bá ń yan ìwé ọlidé, ẹ̀yin náà ẹ bi ara yín bẹ́ẹ̀: ṣé mo fẹ́ mọ ibi tọ́rọ̀ já sí? Ẹ ṣí ìwé náà láàárín. Ẹ fi ojú ìwé kìíní sílẹ̀, nítorí kò sí òǹkọ̀wé tí kì í múra sí ojú ìwé kìíní. Ẹ ka ojú ìwé kan ṣoṣo lórí ìdúró. Bí ọwọ́ yín bá ti ṣí èyí tó tẹ̀ lé e kí ẹ tó mọ̀, ẹ sanwó. Bí ẹ bá ti ń wo ẹni tó ń kọjá lọ, ẹ dá a padà, kó lọ bá ẹni tó wù.

Ẹ tún gbọ́ èyí, ó lè yà yín lẹ́nu pé ẹnu mi ló ti jáde. Ìwé tí ẹ bá kà dé ìlàjì tí kò wọ̀ yín lára, ẹ pa á dé. Kò sí ẹni tí yóò nà yín. Mo ti rí ọmọ tó lo gbogbo ọlidé lórí ìwé kan tó sú u, nítorí pé wọ́n kọ́ ọ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Ẹ máa parí oúnjẹ, ẹ máa parí iṣẹ́ ilé. Ìwé ọlidé kò sí nínú òfin yẹn. Àwọn ìwé bí-o-ṣe-lè-di-olówó-kó-o-tó-pé-ọgbọ̀n-ọdún tí wọ́n ń kó kiri nínú gosiló nkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ara yín nísinmi.

Ẹni tó bá fẹ́ràn fíìmù ọlọ́pàá àti olè, ọ̀dọ̀ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni kó kọ́kọ́ yà. Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé ni ògbójú inú méjèèjì, ọlọ́pàá tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ ò fi í sílẹ̀; Tàfá Ìgírípá ni ẹnìkejì rẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, inú igbó ọ̀rọ̀ àti iwin ni gbajúgbajà ìtàn àròsọ wa ń gbé. Òkédìjí kó wa jáde sí títì, sáàárín mọ́tò àti ọ̀daràn. Ohun tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù nínú ìwé rẹ̀ ni ẹnu wọn. Nínú ewu pàápàá, wọn a ṣì máa fi òwe gún ara wọn. Ní kíláàsì, òwe la tò sílẹ̀ ní nọ́ńbà, tí a ní kí ẹ parí ìlàjì tó kù. Nínú ìwé Òkédìjí, ẹni tó pa òwe ń wá nǹkan: ó fẹ́ fi bú ẹnì kan ni, tàbí ó fẹ́ fi sá fún ìbéèrè, tàbí ẹ̀rù ló ń bà á tí kò fẹ́ kó hàn. Ẹ kà á, ẹ wo bóyá ẹ ò ní í bẹ̀rẹ̀ sí í fi fèsì fún ẹ̀gbọ́n yín nílé. Kí ẹ má sì sọ pé èmi ni mo kọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ Fágúnwà wá kù. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù rẹ̀ ń ba púpọ̀ nínú yín. Gbólóhùn rẹ̀ gùn, sípẹ́lì rẹ̀ sì jẹ́ ti àtijọ́: aiye, enia, nwọn, nítorí pé ó kọ̀wé kí àkọtọ́ 1974, ìlànà sípẹ́lì tí à ń lò báyìí, tó dé. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti jáde láti 1938. Ẹ̀tàn ló wà nínú wíwò ó pẹ̀lú ojú lásán. Ẹ gbé e sẹ́nu, ẹ kà á sókè, sípẹ́lì á pòórá, gbólóhùn tó gùn á wá máa gùn bí ẹni tó mọ ìlù í jó ṣe ń na ẹsẹ̀. Ìwé náà fúnra rẹ̀ ti fi bí wọ́n ṣe ń kà á hàn yín: Àkàrà-ògùn jókòó, ó ń sọ ohun tójú rẹ̀ rí, ẹnì kan ń kọ ọ́ sílẹ̀, bí ilẹ̀ sì ti ń mọ́ bẹ́ẹ̀ ni èrò tó wá gbọ́ ń pọ̀ sí i. Nítorí náà, lálẹ́ tí wọ́n bá mú iná lọ, tí fóònù ti kú, ẹ tan àtùpà, kí ẹni tí ẹnu rẹ̀ dá ṣáṣá jù nílé kà á fún àwọn tó kù. Ẹ kà á dé ibi tó gbóná, kí ẹ dá a dúró níbẹ̀. Àwọn àbúrò yín á jí yín láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ó ní ibi kan tí ẹ ó dé tí Fágúnwà á fi ìtàn sílẹ̀ lójijì, á máa bá ẹ̀yin òǹkàwé wí: ẹ má ṣe ọ̀lẹ, ẹ bọ̀wọ̀ fún òbí. Tíṣà ni, St. Andrew's ní Ọ̀yọ́ ló ti ń kọ́ni nígbà tó kọ ìwé náà, ọmọ ò sì lè wà níwájú rẹ̀ kó má kìlọ̀ fún un. Mo dá a mọ̀, iṣẹ́ kan náà la ṣe. Bí ọ̀rọ̀ ìyànjú bá ti ń pọ̀ jù, ẹ fò ó, kí ẹ lọ bá àwọn ọdẹ lọ́nà Òkè Láńgbòdó. Èmi tí mo ń kọ lẹ́tà ìmọ̀ràn ni mo ń sọ fún yín pé ẹ fo ìmọ̀ràn.

Ẹni tó fẹ́ràn ìtàn ogun àti ìjàgbara, kó mú Ọmọ Olókùn Ẹṣin tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, ìtàn àwọn ará Òkè-Ògùn tí ìsìn Ọ̀yọ́ sú. N kò ní í sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ku eré orí ìtàgé, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé pé ìwé ọlidé ni. Bí ẹ bá tó mẹ́fà tàbí méje nílé, ẹ wá Ẹfúnṣetán Aníwúrà ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá, kí ẹ pín ipa inú rẹ̀ láàárín ara yín. Ìyálóde Ìbàdàn ni, olówó, ẹlẹ́rú rẹpẹtẹ. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìkúnlẹ̀, ó wá pàṣẹ pé kò sí ẹrú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ bímọ. Adétutù, ẹrú rẹ̀, sì lóyún fún Ìtáwuyì. Ẹ máa fún ọmọ tó jẹ́jẹ́ jù nínú yín ní ipa Ẹfúnṣetán, ẹ ó rí ohun tí yóò yà yín lẹ́nu. Bí ẹ bá parí, ẹ jà sí i díẹ̀, nítorí èmi náà ní ẹjọ́ pẹ̀lú eré yìí. Ìkà pọ́nńbélé ni Ìṣọ̀lá fi obìnrin náà ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lánlé Awẹ́ kọ nípa rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òpìtàn, ẹni tí a sì rí níbẹ̀ ni oníṣòwò ńlá tó ń rán ọmọ ogun lọ sójú ìjà, tó sì dìde sí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà. Ààrẹ rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874, wọ́n sì pa á lọ́dún náà. Ṣé ìwà ìkà rẹ̀ ló pa á ni, àbí pé ó gbójú sókè sí ọkùnrin? Ẹ bi bàbá yín, kí ẹ tún lọ bi màmá yín lọ́tọ̀. Ìdáhùn wọn lè máà bára mu.

Fún àwọn kékeré tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjìlá, Kúyẹ̀ ti J. F. Ọdúnjọ dára, ìtàn ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ tí kò sì lè gbọ́ràn, tí ayé fojú rẹ̀ rí màbo. Ẹ múra sílẹ̀ fún ẹkún. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí London àti Houston, tí ẹ ń gbọ́ èdè wa ju bí ẹ ṣe lè kà á lọ, ẹ má fi Fágúnwà dán ara yín wò. Ẹ lọ wá àwọn àlọ́ Ìjàpá tí Adébóyè Babalọlá kó jọ ní 1973. Wọ́n kúrú, àrékérekè Ìjàpá kì í sì í tán. Bí ẹ bá dé ibi tí orin wà, ẹ pe màmá àgbà lórí fóònù, kó dá orin náà fún yín, kí ẹ máa gbè é. Inú rẹ̀ á dùn ju kí ẹ fowó ránṣẹ́ lọ. (Ẹ fi owó náà ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́.)

N kò ní kí ẹ má ka ti Òyìnbó o. Ẹ kà á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìwé kan wà láàárín wọn tí àwọn inú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín, tí ìyá inú rẹ̀ bá pariwo, kí ẹ mọ ìró ohùn náà.

Ibo lẹ ó ti rí wọn? Ẹ kọ́kọ́ wo ilé. Ẹ̀gbọ́n tàbí bùọ̀dá kan wà tó ṣe WAEC tí ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sì ní í bínú bí ẹ bá tọrọ rẹ̀. Láàárín ọ̀rẹ́, ẹ máa pààrọ̀, ẹ kọ orúkọ sí i lára kó lè padà wálé. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ lọ sí ilé ìtàwé tí wọ́n mọ̀ dáadáa, nítorí ayédèrú pọ̀ nígboro. Ẹ ṣí i wò kí ẹ tó sanwó: ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn ojú ìwé 48, 65 ló kàn. Kò sí ohun tó dunni tó kí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fẹ́ dárúkọ apànìyàn, kí ojú ìwé náà má sí níbẹ̀. Bí ìwé bá sì ní ìbéèrè ìdánwò lẹ́yìn, ẹ má wulẹ̀ wò ó.

Ọ̀kan kù tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi gbẹ̀yìn, fún ẹ̀yin tó ti wọ yunifásítì. Ó Le Kú, ti Ìṣọ̀lá kan náà, 1974. Àjàní ń ka ìwé ọdún àṣekágbá ní Yunifásítì Ìbàdàn, ìyá rẹ̀ ń pariwo ìyàwó sí i létí. Àṣàkẹ́ wà níbẹ̀, Lọlá wà níbẹ̀, Ṣadé wà níbẹ̀. Àwọn màmá yín á sọ pé àwọn ti mọ̀ ọ́n, fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe ní 1997 ni wọ́n mọ̀, èyí tó sọ ìró àti bùbá olékù di ohun tí gbogbo obìnrin ń rán padà. Ẹ ka ìwé náà kí ẹ tó wo fíìmù. Bí ẹ bá parí rẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi, kí ẹ sọ fún mi ẹni tó yẹ kí Àjàní fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, àti ìdí rẹ̀. Mo ti mú tèmi, n kò sì ní í sọ ọ́ títí màá fi gbọ́ tiyín.

Èmi ni màmá yín,
tíṣà Yorùbá àná.